Alábàárù

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ń yọ́ òjé
lẹ́yìn Òkè-Baálẹ̀, lábẹ́ páànù tó ń jò.
Bátìrì mọ́tò tó ti kú, bátìrì ínfátà tó wú bí ikùn olóyún,
mo fi àáké là wọ́n, mo da omi kíkan inú wọn nù,
mo fọ òjé, mo da ìdọ̀tí rẹ̀ sí gọ́tà,
gọ́tà gbé e lọ sódò.
Odò kékeré ni. Ẹnikẹ́ni ò fún un lórúkọ.
Bó bá dé ìsàlẹ̀, Ọ̀ṣun á gbà á mọ́ra
bí ìyá ṣe ń gba ọmọ tó yí nínú ẹrẹ̀.
N kò bi í léèrè rí bóyá ó rẹ̀ ẹ́.
Mo ti sọ odò di alábàárù
tí n kò san kọ́bọ̀ fún.

Ràfátù, ọmọ Lásúnkànmí télọ̀, tó lọ kọ́ kẹ́mísírì,
ló dé lọ́jọ́ kan pẹ̀lú ìgò mẹ́ta.
Ó ní: “Bàbá Kúnmi, òjé ti wọ kànga wa.”
Mo ní, omi tó mọ́ gaara yìí?
Mo bu ife kan, mo mu ún lójú gbogbo ayé.
Ọwọ́ mi gbọ̀n, omi dà sí mi láyà.
Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti ń gbọ̀n. Wọ́n ní ọtí ni.
Èmi kì í mutí.

Nígbà tó padà wá, kò mú ọlọ́pàá dání.
Èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló rù, àpò ńlá kan,
àti ṣùkù àgbàdo tó ṣà lẹ́bàá àwọn oníbọ̀ọ̀lì Ọláìyá.
Ó sá wọn lọ́jọ́ mẹ́fà, ó gún wọn, ó jọ̀ wọ́n,
ó kó wọn sínú dúrọ́ọ̀mù búlúù mi:
yanrìn nísàlẹ̀, èédú ṣùkù láàárín, èèpo lókè.
Mo rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé mi.
Irin ni mò ń bá ṣe, o wá gbé oúnjẹ ewúrẹ́ kò ó?
Wọ́n ní a kì í bọ́ òjé lọ́wọ́ olóòṣà;
ta ni yóò wá bọ́ ọ lọ́wọ́ odò?

Ó ní: “Wọn ò ní jà, Bàbá. Á kàn lẹ̀ mọ́ ọn ni,
bí èèmọ́ ṣe ń lẹ̀ mọ́ aṣọ ẹni tó gba inú oko.
Omi á kọjá. Òjé á kù sẹ́yìn.”

Ó kán. Tó. Tó. Tó.
Bó ṣe wọlé náà ló ṣe jáde, lójú tèmi.
Ìgbà tí ìwé dé láti iléèwé ni ó kà á fún mi:
nínú ìdá mẹ́wàá, mẹ́sàn-án ti dúró sínú èèpo.
“Ó ku ẹyọ kan,” ló wí.
Kò jẹ́ kí n tíì yọ̀.

Ọjọ́ tí a kó èèpo àkọ́kọ́ jáde,
ewúrẹ́ Ìyá Ràṣí já okùn, ó ti ẹnu bọ̀ ọ́.
Mo sáré bí ẹni tí iná ń jó.
Mo la ẹnu rẹ̀, mo fi ìka wa èèpo lọ́nà ọ̀fun rẹ̀,
ó ń ké, èmi náà ń ké,
èmi tí mo bu omi yẹn mu.

Àpò méje ló wà nígun ṣọ́ọ̀bù báyìí,
mo so àkísà pupa mọ́ wọn lọ́rùn.
Ràfátù ń wá ibi tí wọn yóò ti gbà wọ́n,
tí òjé yóò tún padà di òjé.
Kò tíì rí. Òjò sì ti ń ṣú.
Mo ta kẹ̀kẹ́ mi, mo fi ra páànù tuntun.

Odò ti sọ ẹrù mi kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mi.
Mo gbé ọ̀kan wò.
Áà. Ó mà wúwo o.